Ọ̀dà Pupa tí A Fi Kun Ìdí Ọkọ̀ Bàbá

Bàbá gbé agolo ọ̀dà sún mọ́ imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n gbé e padà. Agolo kẹrin nìyẹn. Òyìnbó arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń wò wọ́n bíi pé wọ́n fẹ́ mu ún. Funfun nìkan tó oríṣi mẹ́wàá lórí pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ sì jọra lójú mi. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ògbufọ̀. Pẹ̀lú gbogbo bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń fẹ́ tó, òógùn bò mí.

Bàbá tó bí bàbá mi ni mò ń wí. Iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe dàgbà ní Ìlàjẹ, kí wọ́n tó wá bá wa gbé ní Pearland, lẹ́bàá Houston. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ńlá kan fi rọ̀, tí àdúgbò wa kún bí odò. Bàbá dúró lójú wíńdò, wọ́n bi Dádì pé, "Ọkọ̀ ojú omi yín dà?"

Dádì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, Houston nibí. Kò sẹ́ni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi sílé tórí òjò."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti wá, ilé tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò kọ́ ọ tán ni. Nígbà tó di Mọ́ńdè, wọ́n ní kí Dádì gbé mọ́tò kúrò nínú gáréèjì, kí àwọn lè kan ọkọ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n tó dé, kọ́kọ́rọ́ ni mò ń so mọ́ ọrùn lọ sílé-ìwé, torí Mọ́mì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Medical Center, Dádì náà kì í tètè dé. Ilé òfìfo ni mò ń wọ̀, mo sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bí bọ́ọ̀sì bá ti já mi sílẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ òòlù. Òórùn pákó tútù àti àtè á pàdé mi, Bàbá á ní, "Ìyá mi, ṣé o ti dé?" Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń sọ nǹkan mìíràn tí mo kórìíra: "Bí ọkọ̀ yìí bá parí, iṣẹ́ mi níbí ti parí nìyẹn. Mo ń lọ sílé." Ọ̀dà nìkan ló wá kù báyìí.

Òyìnbó ní kí n bi Bàbá ní ìbéèrè kan: ṣé inú omi ni ọkọ̀ yìí á máa gbé, àbí orí ilẹ̀? Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀, ọ̀dà funfun ti tó. Bó bá jẹ́ inú omi, pupa yìí ni kí wọ́n fi kun ìdí rẹ̀, kí nǹkan má baà hù mọ́ ọn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kùn ún, kó tètè wọ omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára ọ̀dà náà á lọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n wo òyìnbó, ojú wọn dàrú.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ilé ni ó máa wà. Omi ló máa wá bá a."

Ó dàrú mọ́ èmi náà lójú. Báwo ni omi ṣe ń wá bá ọkọ̀? Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé Bàbá ti sọ fún mi rí pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ sómi, àràárọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ gbọ́n omi inú rẹ̀. Mo ronú pé bó bá wà lómi, Bàbá ò ní lè fi í sílẹ̀ lọ.

Mo kọjú sí òyìnbó. "He says in the water, sir."

Ó gbé agolo pupa wá. Bàbá gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. "Ohun tí mo sọ lo sọ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kùn ún. Dádì ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ó họrí, ó ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ tètè wọ omi, ó lọ háyà àyè kan létí omi ní Clear Lake. Ní Sátidé, ọkọ̀ wọ omi, kò sì jò. Mo pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ó máa wá gbọ́n ọn láràárọ̀!"

Wọ́n wo ojú ọ̀nà freeway tí a gbà wá. "Ta ni yóò máa gbé mi wá?"

Mi ò rò ó débẹ̀. Bàbá ò mọ mọ́tò wà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti padà sílé ní Ìlàjẹ, èmi sì tún so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò pé ọdún kan, omi ló sì bá a. Òjò rọ̀ mọ́jú, àgbàrá wọlé títí ó fi dé orúnkún Dádì. Àwa mẹ́ta jókòó sórí tábìlì, à ń wo bàtà ilé-ìwé mi tó ń léfòó lọ sí gáréèjì tó ṣófo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti yé mi, ìtìjú sì mú mi débi pé mi ò lè sunkún.

Nígbà tí a rí Bàbá bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìyá mi, mo gbọ́ pé omi wá. Ọkọ̀ wà nítòsí?"

"Ó wà, Bàbá." Mo tún purọ́.

"A dúpẹ́."

Wọ́n kú kí n tó láyà láti jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ fún òyìnbó lọ́jọ́ yẹn. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ní ilé tèmi ní Cinco Ranch. Ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú gáréèjì mi, funfun látòkè délẹ̀, mọ́tò mi sì ń sùn níta nínú oòrùn. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ títí dòní ni bóyá Bàbá, tí wọ́n mọ òórùn ọ̀dà ju ẹni tó ń tà á lọ, ti mọ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù pé irọ́ ni mo pa. Bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń lọ sí gáréèjì lọ fọwọ́ kan ìdí ọkọ̀ náà, bóyá ó ṣì gbẹ.