"A Dúpẹ́" Tó Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn Wa

Mo pọn ìyàwó mi láti Ijede dé ọsibítù ńlá ní Benson, mo sì ya ọ̀kadà mẹ́ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan tẹ hóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra sáré, eruku yín ti bò wá!" Inú ń bí mi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá ìyàwó mi jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òòyì kọ́ ọ, mo bá mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa. Àgádágodo ló kí wa káàbọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa ti lọ sílé. Ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán bá ti lé díẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, oṣù díẹ̀ ṣáájú, àwọn olùwádìí wá láti yunifásítì. Wọ́n ní àwa pẹ̀lú wọn la jọ máa ṣe ìwádìí náà, kí ìtọ́jú wa lè dára sí i. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi, ó mú fóònù dání.

"Bàbá, ilé ìwòsàn yín ńkọ́?"

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Wọn ò kọ́ mi nílé láti máa ka wàhálà sí àlejò létí lórí ìdúró. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ pàápàá, tí a bá bi í pé ara ńkọ́, yóò ní a dúpẹ́. Mo ní, "Alihamudulilai, a dúpẹ́." Bí gbogbo àdúgbò ṣe dáhùn nìyẹn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

Ìgbà tí wọ́n padà wá ka èsì fún wa nípàdé àdúgbò, ara ìyàwó mi ti ń yá. Ọmọbìnrin náà kà á pé: "Ilé ìwòsàn yín tẹ́ yín lọ́rùn."

Mo fò dìde. "Ta ló tẹ́ lọ́rùn? Àgádágodo ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ìkíni la fi dá ọ lóhùn! Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo sì mọ ìyàtọ̀. Ìwọ ọmọ Yorùbá, o kúnlẹ̀, o wá gbàgbé ìyókù? Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wá bá wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìwòsàn lọ́sàn-án!"

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dúpẹ́ jù níbí o!" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá jókòó lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n bá aláboyún àti arúgbó làágùn níwájú ilẹ̀kùn títì, kí wọ́n tó tún ìwé wọn kọ. Nọ́ọ̀sì kejì ti wà níbẹ̀ báyìí títí di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ṣé ó dìgbà tí obìnrin bá fẹ́ kú ká tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì?

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọ̀kadà ló gbé wa dé Benson, èmi kàn di ìyàwó mi mú lẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ní mo sọ nípàdé yẹn náà, irọ́ ni. Ìyàwó mi ló dìde, òun ló sọ gbogbo rẹ̀. Èmi jókòó ní tèmi. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá yíjú sí mi, tó tún bi mí pé ilé ìwòsàn wa ńkọ́, mo ní a dúpẹ́.