Ìka Mẹ́fà Ló Di Irun Mi

Èmi ni mo pàṣẹ pé kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin má fọwọ́ kan kaṣú mọ́. Tíṣà ni mí, ẹnu mi sì mú. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, wọ́n á ṣe é kí etí wọn lè sinmi.

Ní Kabba níbí, tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, èéfín kaṣú yíyan ló máa ń jí wa. Omi inú èèpo rẹ̀ burú. Ibi tó bá kàn lára ènìyàn á dúdú, á sì bó. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi eérú ra ọwọ́ dáadáa kí a tó jókòó tì í láti pa á. Nítorí náà, nígbà tí abẹ́ èékánná ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í lé iléròrò kéékèèké tó ní omi funfun nínú, tí èékánná náà ṣí, tí ojú ibẹ̀ wá di egbò, ta ni yóò tún béèrè ohun tó fà á? Ìyá wa ní eérú tó ń rà kò tó. Èmi ní ojúkòkòrò ni. Kí ni onídìrí ń wá nídìí kaṣú?

Onídìrí ni lóòótọ́, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí. Ṣùkú tó bá dì, ìlà rẹ̀ máa ń tọ́ bí ebè àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́. Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ní Ògìdì àti Ìyàrà máa ń gun ọ̀kadà wá bá a nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ìka yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé-ìwé olùkọ́, kò sì fi ṣe ìrègún fún mi rí.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Odidi ìgbà kaṣú kan kọjá, kò fọwọ́ kan hóró kan. Egbò náà kò jiná, ó tún mú ìka mìíràn. Inú bí mi. Mo ní ó ń yọ́ pa kaṣú lẹ́yìn mi, mo pariwo lé e lórí níwájú ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà aláṣọ tó ti ń wọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta nínú ooru yẹn, ó sì na ẹsẹ̀ sí mi. Ọmọ ìka mẹ́ta ni kò ní èékánná mọ́, ẹran wọn ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń pa kaṣú?"

Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀ láti ìsọ̀ lójoojúmọ́, tó ń dúró lé lórí títí ìrọ̀lẹ́, láìkérora.

Ìyá wa gbé òróró wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò bàbá wa bu omi àdúrà wá láti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbọ́n mi gba méjèèjì, ó ṣe àmín sí méjèèjì. Egbò nìkan ni kò ṣe àmín. Ní tèmi, ẹ̀rù ẹ̀tẹ̀ ló bà mí. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ jáde, àmọ́ ìwà mi pè é. Láti kékeré, abọ́ iyán kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu tèmi sọ́tọ̀, mo ní mo ń kánjú lọ síléèwé. Bí irun mi bá gbó, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Mopa láti dì í, mo ní ìpàdé àwọn tíṣà ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Síbẹ̀, èmi náà ni mo mú un lọ bá dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe kaṣú, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, òun alára kò tíì rí ju ẹnì kan lọ tó ní i. Ara rẹ̀ ló ń bá ìka ara rẹ̀ jà. Oògùn lè mú un gbẹ, ó sì lè padà wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ egungun ìka. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi dókítà: ṣé kò ní ran orí tí òun bá dì? Dókítà ní kò lè ràn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó bá òun kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn wà lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, títí dòní.

Kò di irun kankan títí egbò fi gbẹ, ó kàn ń ta òwú àti atáṣímẹ́ǹtì. Nígbà tó máa fi gbẹ, ìka ọwọ́ mẹ́fà ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Mẹ́rin yòókù ti súnkì, wọ́n le gan-an. Ẹ wá wo agídí! Ó so òwú mọ́ irin fèrèsé, ó ń dì í, ó ń tú u, láàárọ̀, lọ́sàn-án, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Mo máa ń yọjú wò ó látòde. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti tìlẹ̀kùn, kí n máa ṣépè fáyé. Òun ń gbálẹ̀ ìsọ̀ láràárọ̀, ó ń kí àwọn tó ń yà fún un lọ́nà ní "okun o", bí a ṣe ń kíra wa níbí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tú irun mi, mo wọ ìsọ̀ rẹ̀, mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú òòyà, ó fi ya irun náà.

"Ṣé àwọn ará Mopa ti ti ìsọ̀ wọn ni?"

Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ó mọ̀, ó sì ń se oúnjẹ fún mi. Omijé dà lójú mi. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Àǹtí." Ó ní kí n gbé orí sókè dáadáa, kí ìlà má baà wọ́.

Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé ìpàkọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò jẹ́ sọ. Nígbà tó parí, mo wo dígí: ìlà náà tọ́. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ kọ́ ló ti padà wá, mi ò ní purọ́, àmọ́ gbogbo ọjà Kabba ni mo gbé irun yẹn yí ká lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo sì ń sọ ẹni tó dì í kí wọ́n tó béèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, bó ṣe di irun mi tán, ó fọ ọwọ́, ó ṣí iyán tó gbé wá láti ilé. Ó bù ú sí abọ́ méjì, bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo kó tèmi sínú tirẹ̀, mo fọ ọwọ́, a sì jẹun.