Ìwọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Jó

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi yá ju ọpọlọ mi lọ, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọbàkan jọ ń ṣiṣẹ́ jórinjórin lábẹ́ ọ̀gá Ìjẹ̀bú kan ní Òtò. Kò sí ọjọ́ tí a kì í jà. Bó bá gbá mi létí láàárọ̀, màá ti fi orí kàn án kó tó di ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ ni ìyálé, tèmi ni ìyàwó. A kó ìjà ilé wá síbi iṣẹ́.

Òfin kan wà tí ọ̀gá kì í fi ṣeré: ẹni tó bá jó ìwọ̀ tí a ó fi gbé ẹrù ni yóò dúró sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e. Ó ní èèyàn lè tan ọ̀gá, kò lè tan ẹrù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti fa ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi ya kí wọ́n tó gbé ìwọ̀ ńlá kan tó kán fún un pé kó jó o. Ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ ha ìpẹtà. Etí ni mo fi ń mọ irin tó jó dáadáa: bí orí ọ̀pá ìjórin bá sún mọ́ irin tó, tí ọwọ́ kò sì kánjú, á máa dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Tirẹ̀ ń ta pàrà-pàrà. Ọ̀pá jìnnà jù, ọwọ́ sì ń sáré. Nígbà tó gbá ìdàrọ́, èérí irin tó bo ojú jíjó, kúrò, ojú náà ń dán. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo tẹjú mọ́ etí ojú jíjó náà: irin tó yọ́ kàn jókòó lórí èkejì ni, kò jẹ wọnú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò wọlé. Ẹ tún un jó."

"Ìlara ló ń pa ẹ́," ó ní, ó sì tutọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Inú mi ní kí n fi í sílẹ̀. Kí n má purọ́, ó wù mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ àgbá irin kan, wọ́n fà á sókè, ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù lé èjìká, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Bí mo ṣe rí i tí ojú jíjó náà là, n kò mọ ìgbà tí mo sáré. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi gbé e lulẹ̀, mo sì wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó rò pé ìjà àárọ̀ ni mo tún gbé dé. Ó fi òòlù la ẹnu mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tu nígbà tí àgbá já lulẹ̀, tó fọ́ sìmẹ́ńtì ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí tẹ́lẹ̀ túútúú. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Ní báyìí tí mo ti darúgbó, eyín iwájú tí òòlù yẹn yọ ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń rẹ́rìn-ín mi. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí rí, ìjà wa náà kò sì tán. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bó bá ti jó ìwọ̀ tán, á pè mí, á ní, "Wò ó." Bí n kò bá sọ pé ó wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé abẹ́ ìwọ̀ náà.