Ìwé Látìn Tí Wọ́n Fi Pọ́n Ẹja

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí nítorí èdè Látìn kí òmìnira tó dé, nígbà tí mò ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye.

Mo fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin. Wọ́n ní n óò kọ́kọ́ yege nínú Látìn. Ta ni yóò kọ́ mi? Èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta dá owó, a ra ìwé kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń kó èésú ni a ṣe ń kó o, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹnì kan, kó tó kan ẹlòmíràn. Nígbà tí a yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo gba ìkẹyìn, kí gbogbo rẹ̀ lè wà lórí mi wọ yàrá ìdánwò. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn nǹkan yìí. Nínú Látìn, ìrù ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. "Canis virum mordet": ajá bu ọkùnrin jẹ. Ẹ gbé "virum" síwájú, ajá náà ló ṣì jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ ipò wọn, ọkùnrin ti ń bu ajá jẹ nìyẹn.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ gba ìwé lọ́wọ́ Bọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀sà ní Bariga. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. Ó ní kí n má bínú. Kí ni kí n má bínú sí?

Ìyá rẹ̀ ti ya ìwé náà! Ó bá a lórí àpótí, ó ní kí ayálégbé kan tó mọ̀wé bá òun wò ó. Onítọ̀hún ṣí àárín rẹ̀, ó ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Bíbélì. Ìyá bá gbà pé bébà lásán ni. Láti àárọ̀ ló ti ń fi pọ́n ẹja fún oníbàárà.

Mo dé ìdí àtẹ, ìdajì ìwé ló kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, àwọn wo lẹ fi ewé ìwé yìí pọ́n ẹja fún?"

"Èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ yẹn? Níbo làwọn tó ń sọ ọ́ wà?"

"Wọ́n ti kú, Ìyá."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Òkú lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Bọ̀dé wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún un rí, pé òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò yìí, pé bí bébà yẹn bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ìyá tú ìró, ó tún un ró le, ó ní kí aládùúgbò bá òun wo ọjà.

"Ẹ tẹ̀lé mi."

Ṣé ẹni tó ń tajà máa ń gbàgbé oníbàárà? Ó rántí gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyàwó bíríkìlà, ó ti fi tirẹ̀ dáná. Ewé mẹ́fà ló jóná.

Ní àdúgbò Ladi-Lak, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ọsibítù ní Igbóbì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti sanwó ẹja, bébà rẹ̀ náà ti di tòun. Ó wá gbé ewé kan sókè.

"Kà á. Bí o bá mọ ohun tó wí, kó gbogbo rẹ̀ lọ."

Epo ti bo ìdajì ọ̀rọ̀. Mo wá ìrù ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ní: "Àwọn atukọ̀ ń bẹ̀rù ìjì."

"Nítorí ìyẹn lẹ ṣe ń sáré kiri? Atukọ̀ wo ni kì í bẹ̀rù ìjì?"

Ìyá Bọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kọ ọ́ ti wọ ọkọ̀ rí." Bàbá náà kó àwọn ewé náà fún wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Bọ̀dé fi òwú tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe gán ìwé náà pọ̀. Èmi àti Bọ̀dé jọ kà á títí di ọjọ́ ìdánwò.

Èsì dé. Bọ̀dé yege. Èmi kò yege.

Ojú tì mí débi pé mi ò dé Bariga mọ́. Ìyá Bọ̀dé fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní Bajulaiye, ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì òjé mi. "Ìwọ ló kàn. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ mọ́." Ọdún kejì ni mo yege.

Àwọn kan ń béèrè ohun tí ọmọ aláwọ̀ dúdú fẹ́ fi Látìn ṣe. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò òfin àti ìṣègùn òyìnbó wà, àti ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń fi yangàn. Ní tèmi, ó kọ́ mi láti ka ọ̀rọ̀ dé ìrù kí n tó dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń kọ́ fún ará ilé yín o. Bọ̀dé ò sọ ọ́, ẹ rí ohun tó dà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀kọ́ wo lẹ kọ́ tí ará ilé pè ní bébà lásán? Ẹ sọ tiyín, mo ń gbọ́.