Àwọ̀ Márùn-ún Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Ò Rí Tẹ̀

Aṣọ aláwọ̀ eérú ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn lójoojúmọ́. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ọkùnrin kan tiẹ̀ kí wọn kú ara fẹ́ra kù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, àmọ́ kò sẹ́ni tó kú. Bí mo bá wọ aṣọ pupa, pupa yẹn á ta sórí bébà tí mo ń wò, ojú mi á sì tàn mí jẹ."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti ń tẹ̀wé nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ kì í jáde níbẹ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ ò bá tíì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n á gbé bébà sókè, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀." Ìdí nìyí tí télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán wọn fi sọ wọ́n ní Ìyá Ó-Kù-Díẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ọ̀dọ̀ wọn ni nọ́ọ̀sì kan wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó di ìgò kékeré kan mọ́wọ́. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀ ló kún inú ìgò náà. Àpótí àwọ̀ kéékèèké márùn-ún ni wọ́n yà sára ìgò. Ìkíní jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń ṣú sí i, èyí tó kẹ́yìn sì dà bí pákó. Bí èèyàn bá ki bébà bọ ìtọ̀, bébà náà á yí àwọ̀ padà, èèyàn á wá àpótí tó bá a mu, ibẹ̀ ló ti máa mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó.

"Àwọn àpótí yìí ti kéré jù fún ojú àwọn àgbàlagbà tó ń yẹ ara wọn wò nílé," nọ́ọ̀sì náà ní. "Màmá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ńlá sórí páálí. Mo ti yà á sínú fóònù."

"Ìgbà wo lo fẹ́ ẹ?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Kí ni èyí jẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí bébà àkọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin nínú fóònù ti di ti ewé tí oòrùn pa. Àpótí kẹta àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì fi ìgò sílẹ̀ lọ, mo béèrè bóyá íǹkì ló ń tán lọ.

"Íǹkì kọ́." Ohùn wọn ti ń le. Wọ́n kán omi ẹyọ kan sójú fóònù wọn. "Wo abẹ́ omi yẹn."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Omi náà sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ di ńlá, mo sì rí àwọn àmì wẹ́wẹ́: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Kò sí òmíràn. Ibi tó funfun lójú mi gan-an, àwọn mẹ́ta yìí ló kóra jọ síbẹ̀.

"Iná ni gbogbo ìyẹn," wọ́n ní. "Tí iná bá kún iná, ṣe ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Bébà ò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń dá padà, íǹkì sì ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún. Bí mo ṣe ń da íǹkì lé íǹkì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣókùnkùn. Àwọ̀ wà tí fóònù ń gbé jáde tí íǹkì mẹ́rin tó wà nínú ẹ̀rọ mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé."

"Ṣé ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò ṣeé ṣe ni?"

"Ta ló ní kò ṣeé ṣe? Ìgò yìí ò kúkú ń tan iná. Èèyàn ló fi íǹkì tẹ tirẹ̀."

Wọ́n pa fóònù tì, wọ́n gbájú mọ́ ìgò. Ní gbogbo ọjọ́ Rú, wọ́n ń fi yẹ́lò kún un, wọ́n ń yọ dúdú kúrò, wọ́n ń tẹ òmíràn. Télọ̀ yọjú láti ọ̀ọ́kán.

"Ìyá Ó-Kù-Díẹ̀, ó wá ku mélòó?"

"Ó ku kí o panu mọ́!"

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni bébà kọkànlá jáde. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò lábẹ́ iná gbọọrọ tó wà lókè tábìlì. Ó bára mu, àpótí márààrún! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì dé, ó gbé bébà náà àti ìgò jáde sí ojú oòrùn, nítorí ìta ni púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò pẹ́ tó fi ké sí wọn.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Àpótí kẹta lórí bébà ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Kò jọ ti ìgò mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé e wọlé, ó bára mu. Wọ́n gbé e jáde, kò bára mu. Wọ́n ṣe é nígbà mẹ́ta, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

"Irú íǹkì tí wọ́n fi tẹ tìgò kọ́ ni tèmi," wọ́n sọ níkẹyìn. "Wọ́n jọra lábẹ́ iná, wọn ò jọra lójú oòrùn. Ṣé èmi ni mo máa lọ bá oníkálukú yan iná tó máa tàn sílé ni?"

"Ó ti sún mọ́ ọn, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ."

"Sún mọ́ ọn kẹ̀? Arúgbó kan á fojú wo ìkẹta níbi tó yẹ kó rí ìkẹrin, á sì padà lọ sùn. Oorun yẹn lè má tán o!"

"Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Wọ́n kó bébà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọ́n ya wọ́n sí méjì, wọ́n tún ya wọ́n sí mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kígbe pé kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òun. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ páálí kan tí kò ní àwọ̀ kankan, lẹ́tà dúdú ńláńlá nìkan: ara ìgò ni kí ẹ ti wo àwọ̀, ẹ bẹ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa kó bá yín wò ó, tó bá ti di àpótí kẹta, ẹ wá rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì kà á tán, ó pòṣé. "Àwọ̀ ni mo wá ṣe, ọ̀rọ̀ lẹ fún mi. Ojú wọn ò ní rí ti ìgò náà síbẹ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Ó gbà á, ó sì lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí sọ́dọ̀ mi. "Kọ ọ́ síbẹ̀: àwọ̀ márùn-ún, a ò rí i tẹ̀."

Mo kọ ọ́. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tí mo kọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ débi pé bébà ya.