Orúkọ Wales Tí Ìyá Àgbà Mú Wá

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà náà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Turin la wà, láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999. Mo ń tọ́jú ìyá àgbà kan tí wọ́n ń dá gbé ní àjà kẹta, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Porta Palazzo. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn, tí mò ń se oúnjẹ wọn, tí mo sì ń tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ará Wales ni wọ́n. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n kó ọmọ Italy kan tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ ṣiṣẹ́ oko ní abúlé wọn. Òun ni wọ́n fẹ́, òun ni wọ́n sì bá dé Turin. Ọkọ ti kú, wọn kò sì bímọ. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tiwọn dún bíi ti Wales, tèmi dún bíi ti Ìbàdàn. Tí inú bá ń bí wa síra wa, Italiano la máa ń bọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bímọ, ọkọ mi wà ní turno, iṣẹ́ ọ̀sán, ní fabbrica, ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà yìí, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ni wọ́n bá mi wọ tram lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbé báàgì mi dání, wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn èrò pé kí wọ́n dìde kí n lè rí ibi jókòó. Wọn ò lọ títí ọmọ fi dé. Ọkùnrin ni. Wọ́n gbé e mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú wọn. Nínú ayọ̀ yẹn ni mo ti ní, "Màmá, ẹ̀yin náà á fún un lórúkọ o."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ẹni tó dúró ti ni lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí ló kù ká sọ fún un? Nílé wa, gbogbo àgbà tó bá wá síbi ìkómọ ló ń sọ ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Èmi fúnra mi, orúkọ méje ni wọ́n sọ mí, ẹyọ kan ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá yìí ti wá, ẹnì kan ló ń yan orúkọ, ohun tó bá sì yàn náà ni ọmọ máa jẹ́. Lójú tiwọn, mo ti gbé orúkọ ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́ pátápátá.

N kò fura. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà tẹ̀ mí láago.

"Tó bá ń ké, ṣé ohùn rẹ̀ nípọn àbí ó tín-ín-rín?"

Mo ní ó nípọn.

"Ó dáa. Mo ti yọ mẹ́rin kúrò nìyẹn."

Mo rò pé oògùn wọn ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n wá sílé wa tàwọn ti ìwé kékeré kan. Orúkọ Wales ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti fa ìlà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n jókòó ti ọmọ, wọ́n ń pè é jẹ́jẹ́.

"Gwilym?" Wọ́n dúró, wọ́n wo ojú rẹ̀. "Rhodri?"

Ọmọ ń sùn ní tirẹ̀.

"Kò fẹ́ Rhodri," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ìlà pa á.

Ọkọ mi fà mí wọ ilé ìdáná.

"Kí lo sọ fún màmá yìí?"

"Mo ní kí wọ́n fún ọmọ lórúkọ."

"Bíi tàwọn àgbà yòókù, àbí èyí tó máa wọ ìwé?"

Mo gbé omi tíì kaná.

"Ìyá mi ti fi orúkọ ránṣẹ́ láti ilé! Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti sọ ọ́ fún. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ìjọba ìlú fún wa láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Comune. Lọ ṣàlàyé fún màmá kó tó di ọjọ́ ìkómọ."

"Ìwọ náà ò ṣe lọ ṣàlàyé?"

"Ṣé ẹnu tèmi ló sọ ọ́ ni?"

Mo po tíì, mo gbé e lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, látìgbà tí ọkọ mi ti kú, n kò rí nǹkan ronú lé tó dùn mọ́ mi tó báyìí." Mo bi wọ́n bóyá kí n fi ṣúgà sí i.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Àwa bíi mẹ́wàá la há sínú yàrá wa. Bàbá tó jẹ́ àgbà wa wọ reluwé wá láti Padova, Bàbá Padova la sì ń pè wọ́n. Bàbá fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n wá pe orúkọ tí ìyá ọkọ mi fi ránṣẹ́. Gbogbo wa pè é tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, olúkúlùkù ń dìde, ó ń ju owó sínú abọ́ omi, ó ń sọ orúkọ tirẹ̀.

Orí àga kan ṣoṣo tó dáa nílé wa ni ìyá àgbà jókòó sí, wọ́n dé fìlà tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń túmọ̀. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dìde, wọ́n bi mí pé kí ló ń sọ. Wọ́n tún bi mí nípa ẹni kejì. Nígbà tó kan ẹni kẹta, wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n pa ìwé kékeré yẹn dé. Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Màmá, ó kàn yín," ni Bàbá Padova wí. "Orúkọ wo lẹ mú wá?"

Wọn ò tún ìwé wọn ṣí. "Ifor."

"Ta ló jẹ́ ẹ? Báwo ló ṣe lo ayé rẹ̀?"

"Àbúrò mi ni. Ihò tí wọ́n ti ń wa èédú ló wó pa á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni."

Obìnrin kan rọra fọwọ́ bo orí ọmọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni Bàbá wí. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n a ò ní fi ìyẹn lé ọmọ lórí. Nínú àwọn èèyàn yín, ta ló dàgbà dogbó?"

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ojú wọn là. Bóyá ni ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè àwọn èèyàn wọn rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò ní Turin.

"Bàbá bàbá mi! Emrys! Ó lo ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó ń sin àgùntàn, ó ń bá gbogbo abúlé jà, tó bá sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lóko ń gbọ́ ọ."

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Mọ́kànlá."

"Ìyàwó mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Háà! Ọkùnrin ni bàbá yẹn!" ni Bàbá Padova wí.

"Ìyàwó ẹ̀ lọkùnrin, Bàbá!" ni àwọn obìnrin fi dá wọn lóhùn, ilé bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa pè é: Emrys.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo bá ìyá àgbà ní ilé ìdáná. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń fọ àwo.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi fi ránṣẹ́ ló máa ṣáájú nínú ìwé. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín."

"Orí ẹni kẹta ni mo ti mọ̀. Mo darúgbó ni, n kò ya òmùgọ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ni iwájú." Wọ́n ń tún fìlà wọn ṣe. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n á máa fi Emrys pè é?"

"Ẹ̀yin á máa pè é, Màmá."

"Èmi nìkan? Tí mo bá kú ńkọ́?"

Ọkọ mi ò bojú wẹ̀yìn, àwo ló ń fọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó lọ sí Comune, ó fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó tẹ ìyá rẹ̀ láago, wọ́n ní ta ló ń jẹ́ Emrys. Ó ṣàlàyé.

"Ọdún mélòó lo ní ó lò?"

Ó tún un sọ.

"Ẹ fi síbẹ̀."

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo pọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Emrys ni ìyá àgbà ń pè é láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti ilé lèmi ń pè é. Ọkọ mi náà, tó bá wá mú wa, orúkọ ilé ló máa ń pè.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. A gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn láti òdìkejì odò, táwọn aládùúgbò fi ń ṣílẹ̀kùn.

"Emrys! Emrys o! Bàbá ẹ ti dé!"

Ìyá àgbà dìde kí n tó dìde. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n na ọrùn sórí àtẹ̀gùn.

"Emrys ń jẹun lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Nu bàtà ẹ kó o tó wọlé."