Gílóòbù fún Ìjàpá

Bí mo bá ti gbóòórùn eruku tó ń jó lára gílóòbù, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú ní Ayétòrò, ìjàpá mi kọ̀, kò yọrí. Màmá fà mí lọ́wọ́ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, à ń wá gílóòbù.

“Ẹ mú funfun yìí, Màmá, kì í jẹná,” ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà wí.

“Ṣé ó ń gbóná?”

“Kò gbóná rárá.”

“Gbígbóná ni mò ń wá.”

Màmá ní kó tan ti àtijọ́ tí iná rẹ̀ ń pọ́n. Wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ sún mọ́ ọn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo omi ìwẹ̀ àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò mi jòjòló kú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ó lọ kí Ìyá Àgbà ní Òkè-Ọ̀dàn.

Nílé, a gbé ìjàpá sínú páálí, a so gílóòbù kọ́ sókè rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ imú ni iná lọ. Màmá jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n wá fa ọ̀já yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n pọn ìjàpá, wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn.

Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Má pariwo,” Màmá wí. “Ó ti ń sùn.”